Alùpùpù Honda CG125 àtijọ́ tó ń kú lójú ọ̀nà bó bá ti gbóná: ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò?

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Honda CG125 àtijọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, èyí tó ń lo CDI, ìyẹn àpótí kékeré tó ń darí iná púlọ́ọ̀gì, kì í ṣe èyí tó ní pọ́íǹtì. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ kan péré, ó ti jí. Á sáré láti Àyọ̀bọ́ dé Ìpájá láìsí wàhálà. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá wá mú un ní Ìyànà-Ìpájá, tí ẹ́ńjìnnì sì gbóná, á kú lórí ìrìn. Ẹ ta á títí, kò ní dáhùn. Ẹ jẹ́ kó sinmi fún bí ìṣẹ́jú 20, á tún jí, á tún máa lọ.

Mẹkáníkì ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fọ kábúrétọ̀. Ohun tó ń sọ báyìí ni pé kí n lọ ra kábúrétọ̀ tuntun. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pé ìwọ̀n, epo wà nínú táǹkì. Kí n tó náwó sórí kábúrétọ̀, kí lẹ rí sí i?

Rewáyà_Mushin

Ẹ fi owó yín sápò ná. Ẹ dá mi lóhùn ìbéèrè mẹ́ta kí á tó dárúkọ pátì kankan.

Báwo ló ṣe ń kú? Ṣé lẹ́ẹ̀kan náà ló ń já, bí ìgbà tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ pa á, àbí ó ń já, ó ń so, tí agbára rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú? Bí ẹ bá fa ṣọ́ọ̀kì nígbà tó fẹ́ kú, ṣé ó máa ń sọjí díẹ̀? Nígbà tó kú yẹn ńkọ́, ṣé iná wà lẹ́nu púlọ́ọ̀gì? Kì í ṣe lẹ́yìn tó ti tutù o. Lójú ibi tó kú sí gan-an ni mò ń bi.

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Ẹ ṣé, ọ̀gá. Lẹ́ẹ̀kan náà ló ń já. Nígbà mìíràn á so padà díẹ̀ kó tó kú pátápátá, ṣùgbọ́n kì í fà sẹ́yìn bí èyí tí epo ń tán nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kò ṣe nǹkan kan sí i. Ní ti iná púlọ́ọ̀gì, mẹkáníkì yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù, iná wà, ó sì le. Alùpùpù ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ o.

Ọ̀gá_Kábú

Bó ṣe ń já lẹ́ẹ̀kan yẹn jọ ọ̀rọ̀ iná lóòótọ́. Síbẹ̀, apá epo ni èmi máa kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà, nítorí àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba kọ́bọ̀.

Ìdérí táǹkì ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ihò kékeré kan wà lára rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀. Bí eruku tàbí ìpẹtà bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà wọlé, epo kò sì ní lè ṣàn wá sínú kábúrétọ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì á kú. Bí ẹ bá wá dúró, afẹ́fẹ́ á máa yọ́ wọlé lẹ́bàá róbà ìdérí, epo á tún ṣàn, alùpùpù á jí. Ẹ rí i pé ó bá ohun tí ẹ kọ mu: ó kú, ó sinmi, ó jí. Nígbà tó bá tún kú, kí ẹ tó ta á rárá, ẹ ṣí ìdérí náà. Bí ẹ bá gbọ́ tí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé “ṣìììì”, tí alùpùpù sì jí lójú ẹsẹ̀, ọwọ́ ti bà á nìyẹn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ la ihò náà, ẹ fi epo fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọ róbà epo lẹ́nu kábúrétọ̀, ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò, ẹ ṣí táàpù tó wà lábẹ́ táǹkì. Ó yẹ kí epo máa dà láìdáwọ́dúró, kì í ṣe kó máa kán. Ẹ jẹ́ kó dà fún bí ìṣẹ́jú kan, torí àwọn kan á kọ́kọ́ dà dáadáa kí wọ́n tó rọ. Ẹ yẹ ON wò, ẹ yẹ RES, ìyẹn ti epo ìpamọ́, náà wò. Bí RES bá ń dà tí ON kò dà, nígbà tí epo ṣì pọ̀ nínú táǹkì, ọ̀pá ON ló ti dí. Táǹkì àtijọ́ máa ń pẹtà nínú. Ìpẹtà yẹn ló ń lọ jókòó sára àsẹ́ tó wà lókè táàpù àti sínú ife kékeré tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ tú ife náà, ẹ wo ohun tó sùn síbẹ̀.

Omi náà ń bẹ níbẹ̀. Nígbà òjò, epo tí a bá rà sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí táǹkì tí ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa lè ní omi díẹ̀ nínú. Ẹ tú ṣúkúrú tó wà nísàlẹ̀ abọ́ kábúrétọ̀, ẹ da epo inú rẹ̀ sínú ìgò tó mọ́ gaara. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ló máa wà, ẹ ó rí ààlà wọn. Bí omi bá wà, ẹ má wulẹ̀ fọ kábúrétọ̀ nìkan. Ẹ da ti ife táàpù nù, kí ẹ sì fa epo ìdí táǹkì jáde pẹ̀lú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yẹn á tún padà wá.

Ẹ tún bi ẹni tó fọ kábúrétọ̀ pé kí ló fi la jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ihò tóóró tí epo ń gbà nínú kábúrétọ̀. Jẹ́ẹ̀tì kékeré tí wọ́n kọ 38 sí lára, ihò rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Ẹni tó bá ki wáyà irin bọ̀ ọ́ ti fẹ̀ ẹ́ lójú, epo á máa pọ̀ jù, ẹ ó máa rí èéfín dúdú, kò sì sí bí ẹ ṣe lè dá a padà ju kí ẹ ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn. Afẹ́fẹ́ tí àwọn fọ́kanáísà fi ń fẹ́ táyà ló dára jù fún un.

Rewáyà_Mushin

Gbogbo èyí tí Ọ̀gá Kábú kọ ni mo fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n wá ṣàlàyé ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ “lójú ibi tó kú sí”.

Àìsàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìsinmi ìṣẹ́jú 20 máa ń wò. Àkọ́kọ́ ni ihò ìdérí táǹkì tí ẹ ti kà lókè. Èkejì ni kọ́ìlì iná tí wáyà inú rẹ̀ ti já: bó bá tutù, ojú ibi tó já á fara kanra, iná á kọjá. Bó bá gbóná, á fẹ̀, ojú ibẹ̀ á yà, iná á tán. Ẹ̀kẹta ni fáàfù, ìyẹn ìdérí ihò tí epo ń gbà wọlé tàbí tí èéfín ń gbà jáde, tí tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ìyẹn àlàfo tó wà lórí rẹ̀, fún jù. Bí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, fáàfù náà kò ní lè pa ẹnu dé, kọ̀mpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìn fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, á lọ. Bó bá tutù, á tún pa ẹnu dé. Ẹni tó bá dúró kí alùpùpù tutù kó tó gbé e lọ fún mẹkáníkì ti pa ẹ̀rí rẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju kí wọ́n máa méfò, kí ẹ sì máa ra pátì lé pátì.

Nítorí náà, ẹ gbé púlọ́ọ̀gì àpòjù kan dání, D8EA ni, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ jẹ́ 0.6 sí 0.7 mm, pẹ̀lú ìgò kékeré tó mọ́ gaara àti sikirudẹráífà. Nígbà tó bá kú, ẹ tì í kúrò lójú ọ̀nà kíákíá, kí ẹ wá ṣe é bẹ́ẹ̀:

Ẹ ṣí ìdérí táǹkì, ẹ tẹ́tí, kí ẹ ta á lẹ́ẹ̀mejì. Bí kò bá jí, ẹ dé e padà.

Ẹ yọ fìlà púlọ́ọ̀gì. Ẹ má tú púlọ́ọ̀gì tó wà lórí ẹ́ńjìnnì o. Orí yẹn alumíníọ̀mù ni, bó bá gbóná tí ẹ ń tú u, ó rọrùn kí ẹsẹ̀ ṣúkúrú inú rẹ̀ bàjẹ́. Èyí àpòjù ni kí ẹ ki bọ fìlà, kí ẹ fi irin ara rẹ̀ ti irin orí ẹ́ńjìnnì gírígírí, kí ẹ sì ta á. Nítorí pé ẹ kò ṣí ihò púlọ́ọ̀gì, òórùn epo kò ní jáde wá pàdé iná. Ẹ fi píláyà ọlọ́wọ́ róbà dì í mú, kì í ṣe ìka yín. Bí oòrùn bá mú, ẹ fi ara yín ṣíji bò ó kí ẹ lè rí iná náà.

Ẹ fi fìlà padà. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ṣúkúrú abọ́ kábúrétọ̀ sínú ìgò. Iná ṣáájú, epo tẹ̀ lé e, kí ẹ má pa á dà, torí ẹ kò gbọ́dọ̀ ní epo nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń wá iná.

Bí kò bá sí iná, ẹ gbàgbé kábúrétọ̀. Bí iná bá wà tí abọ́ kábúrétọ̀ sì gbẹ, ẹ padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Kábú. Bí iná wà, tí epo wà, tí kíìkì wá fúyẹ́ lẹ́sẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fáàfù ni.

Adé_Ẹ̀gbẹ́dá

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo bọ́ sáàárín. Ti èmi Suzuki AX100 ni, ẹlẹ́ńjìnnì tó ń fi ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Tirẹ̀ kì í já lẹ́ẹ̀kan. Ńṣe ló máa ń kọ̀ láti sáré, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, pàápàá bó bá gun afárá, á sì kú. Ṣé bákan náà ni àyẹ̀wò rẹ̀?

Ọ̀gá_Kábú

Adé, ìdérí táǹkì, táàpù àti omi, bákan náà ni. Àmọ́ ẹlẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ní tápẹ́ẹ̀tì, ó sì ní àrùn tirẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jó nínú rẹ̀ máa ń di èédú sínú sàlẹ́ńsà àti lẹ́nu ihò tí èéfín ń gbà jáde lára sìlíńdà. Bó bá dí, èéfín kò rí ọ̀nà jáde, epo tuntun kò rí ọ̀nà wọlé, agbára á tán bí ẹ bá ṣí tọ́tù. Ẹ tú sàlẹ́ńsà, ẹ fa ọ̀pá inú rẹ̀ jáde, ẹ ha èédú náà kúrò. Bí ẹ bá fẹ́ ha ẹnu ihò sìlíńdà, igi ni kí ẹ fi ha á, kì í ṣe irin, kí písítìn sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹ wo ọ́ìlì inú táǹkì rẹ̀ kékeré náà lójoojúmọ́. Bí ọ́ìlì yẹn bá tán, tàbí tí pọ́ǹpù rẹ̀ kò fa á, kì í ṣe kíkú lásán ni ẹ máa bá pàdé. Písítìn á lẹ̀ mọ́ sìlíńdà, táyà ẹ̀yìn á sì dì lórí ìrìn.

Àǹtí_Táyà_Mẹ́ta

Ọ̀rọ̀ táyà tó ń dì yẹn ni mo fẹ́ fi kún. Ẹnikẹ́ni tí alùpùpù rẹ̀ bá kú lórí ìrìn, kí ọwọ́ òsì kọ́kọ́ fún kílọ́ọ̀ṣì ná, kí ẹ tó ronú ohunkóhun. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dì, kílọ́ọ̀ṣì yẹn ló máa tú táyà sílẹ̀. Ẹ tan síginnà, ẹ jẹ́ kó yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹ má dúró sáàárín ọ̀nà máa ta kíìkì pẹ̀lú dánfó lẹ́yìn. Bí kíìkì bá le gbagidi tí kò lọ rárá, ẹ má fipá tẹ̀ ẹ́. Ọ́ìlì ni kí ẹ wò.

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Ẹ ṣeun gan-an. Èsì rèé. Mo ṣí ìdérí táǹkì nígbà tó kú, kò sí “ṣìì”, kò jí. Mo fi púlọ́ọ̀gì àpòjù wá iná: kò sí iná rárá. Epo dà látinú abọ́ kábúrétọ̀, ó mọ́, kò sí omi. Kíìkì le lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń le tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn tó tutù, mo tún wá iná pẹ̀lú púlọ́ọ̀gì kan náà, ó ti dé, ó sì le.

Rewáyà_Mushin

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Iná ni, kábúrétọ̀ kò jẹ̀bi.

Ibi márùn-ún ni iná ti lè já: wáyà tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kọ́ìlì tó ń ṣe iná fún CDI lábẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì (irin òòfà tó ń yí pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì), pulser tó ń sọ fún CDI ìgbà tó yẹ kó ta iná, CDI fúnra rẹ̀, àti kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú wáyà àti fìlà rẹ̀. Èyí tí kò náni lówó la ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Lára Honda, wáyà dúdú onílà funfun ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ pa á, ńṣe ni síwíìṣì ń so wáyà yẹn mọ́ ara irin, CDI á sì dákẹ́. Wáyà yìí gba ọrùn hándù kọjá. Ó ti ń tẹ̀ síbẹ̀ sọ́hùn-ún láti ọdún yìí wá, bí ara rẹ̀ bá bó tó kan irin, ẹ́ńjìnnì á kú lójijì. Ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ níbi kan, ẹ yí hándù sọ́tùn-ún tán, ẹ yí i sósì tán, ẹ fọwọ́ mi ìdìpọ̀ wáyà abẹ́ táǹkì, ẹ gbọn kọ́kọ́rọ́ nínú ihò rẹ̀. Bó bá já, ẹ ti rí i.

Bí kò bá já, ẹ yọ wáyà dúdú onílà funfun náà níbi tó ti so mọ́ CDI, ẹ fi róbà bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì gùn ún ní àdúgbò tí kò sí èrò. Bí kò bá kú mọ́, ẹjọ́ síwíìṣì tàbí wáyà rẹ̀ ni. Bó bá ṣì kú, ẹ ti dá síwíìṣì àti gbogbo wáyà hándù sílẹ̀. Ẹ rántí pé kọ́kọ́rọ́ kò ní lè pa á mọ́ nígbà náà. Bí ẹ bá fẹ́ pa á, ẹ ki í sí jíà kẹrin, ẹ di búrékì méjèèjì mú, ẹ rọra tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ẹ má fa fìlà púlọ́ọ̀gì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Iná yẹn á gbá yín, ó sì lè pa CDI.

Mo kìlọ̀ fún ẹlòmíràn tó ń kà á: CDI tó ń fi iná ọwọ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì nìkan ni èyí wà fún. Àwọn alùpùpù kan wà tí CDI wọn ń jẹ iná bátìrì. Ti ìyẹn yàtọ̀, bátìrì tó rẹ̀ tàbí fíúsì tí kò dì dáadáa gan-an lè pa á lójú ọ̀nà.

Bí ọwọ́ yín ti wà níbẹ̀, ẹ tú wáyà eléwé, ìyẹn àwọ̀ ewé, níbi tí wọ́n ti fi bóòtì dè é mọ́ ara alùpùpù. Òun ni ilẹ̀ gbogbo iná. Ẹ fi sáńpépà ha ojú irin náà títí á fi dán, kí ẹ dè é padà kó le. Alùpùpù tó ń sùn síta ní Èkó, ìpẹtà ibẹ̀ kì í pẹ́ dé.

Mẹkáníkì_Àgége

Ẹ dákun, ẹ gé bíńtín lẹ́nu wáyà púlọ́ọ̀gì pẹ̀lú, bí mìlímítà 5, kí ẹ tó yí fìlà padà sí i. Ẹnu wáyà yẹn máa ń jẹrà nínú fìlà. Bó bá jẹ́ pé inú òjò nìkan ni alùpùpù ń kú, fìlà àti wáyà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ti Ọmọ Àyọ̀bọ́ kì í ṣe ti òjò.

Ìyá_Pátì_Ládípọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, kí ẹ tó wá ra CDI lọ́wọ́ wa, ẹ mú ti àtijọ́ dání. Ẹ má kàn wá sọ pé “CDI CG” ni ẹ fẹ́. Àwọn CDI kan jọ ara wọn lójú, ẹnu wọn sì wọ síbi kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń jẹ iná mágínẹ́ẹ̀tì, èkejì ń jẹ iná bátìrì. Bí ẹ bá ki èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ bọ̀ ọ́, kò ní ṣiṣẹ́, ó sì lè jó. Ẹ bẹ ẹni tí alùpùpù rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú tiyín, kó yá yín ní tirẹ̀ fún wákàtí kan kí ẹ fi dán an wò. Pátì iná tí ẹ bá ti lò kúrò lọ́wọ́ wa, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ kò ní gbà á padà.

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Ẹ ṣé, Mọ̀mọ́. Mo yọ wáyà dúdú onílà funfun, ó ṣì kú bó ti gbóná. Hándù àti kọ́kọ́rọ́ kò já a. Mo ha ojú wáyà ilẹ̀, mo gé ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì, bákan náà ló rí. Mo yá CDI aládùúgbò tó ní irú rẹ̀, ó kú pẹ̀lú ìyẹn náà.

Rewáyà_Mushin

CDI ti bọ́ níbẹ̀. Ó ku kọ́ìlì mẹ́ta. Ẹ wá mítà, èyí tó ń ka ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí wáyà ṣe ń dí iná lọ́nà. Ẹ yọ ẹnu CDI kúrò kí ẹ tó wọ̀n wọ́n, kí CDI má bàa da iye náà rú.

Pulser ni wáyà búlúù onílà yẹ́lò, lára àwọn kan onílà funfun. Ẹ fi ẹsẹ̀ mítà kan sí i, ẹ fi èkejì sí wáyà ilẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ CG, á wà láàárín nǹkan bí 100 sí 200 ohm. Kọ́ìlì abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ni wáyà dúdú onílà pupa, òun náà sí wáyà ilẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan ohm. Kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì: ẹnu wáyà dúdú onílà yẹ́lò sí ilẹ̀ kò tó ohm kan tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì sí ilẹ̀, láìsí fìlà, ẹgbẹ̀rún mélòó kan ohm ni. Fìlà nìkan sábà máa ń ní nǹkan bí 5,000 ohm tirẹ̀.

Ẹ má wá fi iye tó tutù dájọ́. Kọ́ìlì tó ń kú nínú ooru máa ń pé pérépéré bó bá tutù. Bó ṣe ń ṣe nígbà tó ń gbóná lẹ ń wá. Wáyà bàbà máa ń fi nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún lékún fún ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Kọ́ìlì tó bá jẹ́ 120 ohm ní òwúrọ̀, bí ooru rẹ̀ bá fi 60 gòkè, á di nǹkan bí 148. Ìyẹn ò burú, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Èyí tó burú ni kí iye náà máa fò sókè-sódò, tàbí kí mítà kọ OL, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀nà ti já.

Ẹ ṣí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì lápá òsì. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì lè jáde. Pulser ni ẹ ó rí lẹ́bàá mágínẹ́ẹ̀tì, ṣúkúrú méjì ló dì í mú. Ẹ so mítà mọ́ wáyà rẹ̀, ẹ wá fi dráyà tí àwọn onídìrí fi ń gbẹ irun fẹ́ ooru sí i, kí ẹ máa wo mítà. Ẹ má lo iná ìdáná tàbí àbẹ́là, epo àti ọ́ìlì wà nítòsí. Ẹ fi ọwọ́ gbọn wáyà rẹ̀ pẹ̀lú níbi tó ti gba inú róbà jáde. Bí pulser bá yege, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún kọ́ìlì púlọ́ọ̀gì lábẹ́ táǹkì, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé táǹkì kúrò jìnnà. Ti abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ẹ lè wọ̀n lẹ́nu wáyà rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tó ṣì gbóná.

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Pulser ni! Ní tútù, 118 ohm. Bí ooru dráyà ṣe ń wọ̀ ọ́ lára, ó gun 130, ó kọjá 130 díẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí fò, ó sì di OL. Mo pa dráyà, mo ní sùúrù, iye náà padà wá. Ẹnu wáyà púlọ́ọ̀gì kò yí padà ju bó ṣe yẹ lọ. Ti dúdú onílà pupa náà dúró ṣinṣin nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná. Ṣé mo lè pààrọ̀ pulser nìkan, àbí gbogbo kọ́ìlì abẹ́ mágínẹ́ẹ̀tì ni mo máa rà?

Rewáyà_Mushin

Ẹ pààrọ̀ òun nìkan, bí ẹ bá rí i rà lọ́tọ̀. Ìta mágínẹ́ẹ̀tì ló wà, kò gba kí ẹ tú mágínẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ pé kọ́ìlì tó wà lábẹ́ ló bàjẹ́, ẹ ó nílò ohun èlò tí wọ́n fi ń fa mágínẹ́ẹ̀tì yọ. Mo ń kọ èyí fún ẹlòmíràn tó máa kà á: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá mágínẹ́ẹ̀tì yín. Irin òòfà inú rẹ̀ á sán, orí kíránkì á sì bàjẹ́, owó tí ẹ máa fi tún ìyẹn ṣe á ju owó kọ́ìlì lọ fíìfíì.

Kí ẹ tó tú èyí àtijọ́, ẹ wo àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti bíbú kékeré tó yọ lára mágínẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi fílà géèjì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo, wọ̀n ọ́n, kí ẹ kọ iye náà sílẹ̀. Iye yẹn ni kí ẹ fi tuntun sí. Bí àlàfo bá pọ̀ jù, àmì tó ń fi ránṣẹ́ sí CDI kò ní lágbára nígbà tí ẹ bá ń ta kíìkì, yóò ṣòro láti jí. Bó bá sún mọ́ ọn jù, mágínẹ́ẹ̀tì á ha á. Lẹ́yìn tí ẹ bá dè é tán, ẹ fọwọ́ yí mágínẹ́ẹ̀tì ká, kí ẹ rí i pé kò kan níbikíbi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ ni wáyà. Wọ́n á yí i pọ̀, wọ́n á fi téèpù dúdú wé e, ó tán. Ooru àti ọ́ìlì á tú téèpù yẹn, ojú ìsopọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí já bó bá gbóná, ẹ ó wá rò pé pulser tuntun ló tún bàjẹ́. Ẹ fi òjé jó o pọ̀, kí ẹ fi róbà tó ń sún kì bò ó. Bó bá ṣeé ṣe, kí ojú ìsopọ̀ wà níta ìdérí, kì í ṣe nínú rẹ̀. Ẹ tẹ́ wáyà náà sí ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́, kí róbà tó ń dí ihò jókòó dáadáa, kó jìnnà sí ṣéènì àti sàlẹ́ńsà. Ẹ ha gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kúrò, ẹ fi tuntun sí i, ẹ sì wo ìwọ̀n ọ́ìlì kí ẹ tó jí i.

Ìyá_Pátì_Ládípọ̀

Nígbà tí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé èyí àtijọ́ lé èyí tuntun lórí: kí ihò ṣúkúrú méjèèjì dọ́gba, kí ẹnu wáyà dọ́gba. Ẹ mú mítà yín dání, kí ẹ wọ̀n ọ́n níwájú ẹni tó ń tà á kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí i.

Mẹkáníkì_Àgége

Níwọ̀n bí ìdérí mágínẹ́ẹ̀tì ti wà ní ṣíṣí, ẹ yẹ tápẹ́ẹ̀tì wò, torí àmì tí wọ́n fi ń ṣe é ti wà lójú yín. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, kó ti sùn mọ́jú. Ẹ tú ìdérí orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì sí apá òsì, bó ṣe ń yí fúnra rẹ̀, títí àmì T á fi bá àmì ara ẹ́ńjìnnì dọ́gba. Ẹ fọwọ́ mi ọ̀pá rọ́kà méjèèjì tó ń tẹ fáàfù: ó yẹ kí àwọn méjèèjì tú díẹ̀. Bí ọ̀kan bá le, ẹ yí mágínẹ́ẹ̀tì ká lẹ́ẹ̀kan sí i kí T padà bọ̀. Fílà géèjì 0.08 mm ni fún méjèèjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde. Kó máa wọ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń fà á, kó má há. Ẹ di ṣúkúrú mú nígbà tí ẹ bá ń fún nọ́ọ̀tì rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí fífún nọ́ọ̀tì sábà máa ń yí i.

Àwọn kan máa ń fún un títí ariwo rẹ̀ á fi dákẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì CG tó ń dún díẹ̀ dára ju èyí tí kò dún rárá lọ. Èyí tí kò dún yẹn ni fáàfù rẹ̀ ń jóná.

Ọmọ_Àyọ̀bọ́

Mo ti fi pulser tuntun sí i, 124 ohm ní tútù. Dráyà gbé e dé 150, kò fò. Tápẹ́ẹ̀tì ìjáde ti há, 0.08 kò wọlé rárá kí n tó tú u, ó ti wà ní ìwọ̀n báyìí. Alùpùpù ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájá lọ́sàn-án gangan, kò já. Mo ti dá wáyà dúdú onílà funfun padà sí ẹnu CDI, kọ́kọ́rọ́ sì ń pa á.

Ìbéèrè kan ló kù: nígbà tí mẹkáníkì fọ kábúrétọ̀, ó ti yí ṣúkúrú afẹ́fẹ́ kúrò níbi tó wà. Báwo ni mo ṣe máa mọ ibi tó yẹ kó wà?

Ọ̀gá_Kábú

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, bí ìrìn ìṣẹ́jú 10. Ẹ gbé àìdùù rẹ̀, ìyẹn ìyára ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹ kò ṣí tọ́tù, sí bó ṣe máa ń wà, nǹkan bí yípo 1,400 fún ìṣẹ́jú kan bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fi ń kà á. Ẹ rọra ti ṣúkúrú náà wọlé títí dé òpin, láìfún un, kí ẹ tú u síta yípo kan àti ààbọ̀. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti máa yí i ní ìdá mẹ́rin yípo, sọ́tùn-ún, sósì, kí ẹ fetí sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti sáré jù tó sì dọ́gba jù. Ibẹ̀ ló jókòó sí. Ẹ wá fi ṣúkúrú àìdùù dá ìyára rẹ̀ padà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹ tú púlọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ wo ẹnu rẹ̀: bí àwọ̀ rẹ̀ bá jọ ilẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ó ti pé. Bó bá funfun, epo kò tó. Bó bá dúdú bí èédú, epo ti pọ̀ jù, ẹ wo jẹ́ẹ̀tì 38 yẹn àti fílítà afẹ́fẹ́ kí ẹ tó tún fọwọ́ kan ṣúkúrú.